Ẹ́ńjìnnì Ń Dún, Ọkọ̀ Kò Lọ: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Agbára Ọkọ̀ 4x4 Àtijọ́ Ti Já

Ọ̀rọ̀ irúgbìn, koríko àti kòkòrò ni irú ìwé yìí sábà máa ń sọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tó ń kó ẹrù oko la fẹ́ sọ, nítorí òwú tí a ti ká tí kò tíì dé ibi tí wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n kò tíì di owó. Bí òjò bá ká a mọ́ orí ọkọ̀ tó dúró sójú ọ̀nà, àwọ̀ rẹ̀ á yí padà, á sì bu. Òwú tó yẹ kó wà ní ipò kìíní á bọ́ sí ipò kejì, owó rẹ̀ á sì dín. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ọkọ̀ kan náà kó ẹ̀gẹ́, àgbàdo tàbí èso ọ̀pẹ lọ sí ọjà náà mọ ohun tí à ń sọ.

Bó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọkọ̀ ń lọ jẹ́jẹ́ lórí ilẹ̀ pupa tí òjò ti rọ̀ sí. Ẹ gbọ́ "gbàù" lábẹ́ rẹ̀, tàbí ẹ kò tilẹ̀ gbọ́ nǹkan kan. Ẹ́ńjìnnì kò kú. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ó dún sókè. Ẹ fi gíà sí i, gíà wọlé. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kò kúrò lójú kan. Ẹni àkọ́kọ́ tó bá bá yín níbẹ̀ á ní, "Gíábọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn," kí ẹ sì tó mọ̀, wọ́n ti ń sọ iye tí òmíràn jẹ́ ní Kutonu.

Ẹ má tíì dá a lóhùn. Ó lè jẹ́ pé ọwọ́ gíà kékeré ló yẹ̀ sí àárín, tí ẹ ó kàn tì í padà láìná owó kankan. Ó lè jẹ́ ọ̀pá kan ló kán lẹ́yìn, tí táyà iwájú sì lè fà yín délé. Ẹ kọ́kọ́ wá ibi tí agbára ti já, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú ohunkóhun.

1. Ẹ dí táyà kí ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí a bá fi ọkọ̀ sínú gíà, tí a pa ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ kì í yí. Ẹ́ńjìnnì ló dì í mú. Ṣùgbọ́n bí ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ táyà bá ti já, gíà kò di ohunkóhun mú mọ́. Ọkọ̀ lè rọra yí kúrò lórí ibi tó dagun, kó sì gun ẹni tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni fún ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ gíà: lẹ́tà P kò ní dì í mú bí ọ̀pá bá ti kán.

Bíréèkì ọwọ́ ńkọ́? Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Nínú Land Rover àtijọ́, títí kan Defender, àti nínú àwọn Land Cruiser àtijọ́ kan, bíréèkì ọwọ́ kò sí lára táyà. Ẹ̀yìn gíábọ́ọ̀sì ló wà, ọ̀pá gígùn tó ń lọ sẹ́yìn ló ń dì mú. Bí ọ̀pá yẹn tàbí ọ̀pá tó wọ inú táyà bá kán, bíréèkì ọwọ́ náà ti di asán, bí ẹ tilẹ̀ fà á dé òkè. Kódà bí kò sí ohun tó kán, bí ẹ bá fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀, irú bíréèkì bẹ́ẹ̀ lè má di ọkọ̀ náà mú mọ́.

Nítorí náà, ẹ wá òkúta ńlá mẹ́rin tàbí igi tó nípọn. Ẹ fi méjì dí táyà kan níwájú àti lẹ́yìn, kí ẹ fi méjì yòókù dí táyà ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọdé àti àwọn tó ń wòran jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má dúró síwájú ọkọ̀ tàbí sẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

2. Ọ̀nà tí agbára ń gbà

Agbára máa ń ti ara ẹ́ńjìnnì dé táyà bí omi ṣe ń ti orísun dé oko. Bí oko bá gbẹ, a kì í bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ orísun. A máa ń tọ ipa omi náà wò títí a ó fi rí ibi tí ó ti já. Ipa tí agbára ń tọ̀ nínú ọkọ̀ nìyí, pẹ̀lú orúkọ tí ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn mẹkáníìkì.

Láti ara ẹ́ńjìnnì, ó kọ́kọ́ gba inú kílọ́ọ̀ṣì, tí àwọn ti Àjàṣẹ́ ń pè ní embrayage. Òun ni ẹsẹ̀ òsì yín ń tẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gíábọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń pè ní boîte. Lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì ni bọ́ọ̀sì kékeré kan wà nínú ọkọ̀ 4x4, boîte de transfert. Òun ló ń pín agbára sí iwájú àti sí ẹ̀yìn, ọwọ́ gíà kékeré ló sì ń darí rẹ̀. Láti ibẹ̀, ọ̀pá gígùn kan ń lọ sẹ́yìn, òmíràn ń lọ síwájú. Oríkèé irin tó wà lẹ́nu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni croisillon. Ọ̀pá gígùn wọ inú pont, ìyẹn irin ńlá tó yọ ikùn láàárín táyà méjì. Nínú pont, ọ̀pá táyà méjì, tí wọ́n ń pè ní demi-arbre, ló ń gbé agbára lọ sí ọ̀tún àti òsì.

Ohun kan wà tí a gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa ikùn pont. Bí omi ṣe máa ń gba ibi tó rọrùn, bẹ́ẹ̀ ni agbára máa ń ṣàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ tí kò ṣòro yí. Ìdí nìyẹn tí táyà kan fi ń yí lásán nínú ẹrẹ̀ nígbà tí èkejì dúró. Bí ọ̀pá táyà kan ṣoṣo bá kán, gbogbo agbára á lọ sí ibi tó kán yẹn, táyà kejì tí kò ní àrùn kankan kò ní rí nǹkan kan gbà. Ìdí nìyẹn tí irin kan ṣoṣo tó kán fi lè dá odindi ọkọ̀ dúró, bí ẹni pé gíábọ́ọ̀sì ló lọ.

3. Àyẹ̀wò mẹ́rin, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Àyẹ̀wò kìíní: ọwọ́ gíà kékeré. Ọwọ́ yìí ní ibi mẹ́rin nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀: H2, H4, N àti L4. Bí ó bá wà ní N, agbára kò lọ síbì kankan. Orúnkún ẹni tó jókòó láàárín lè tì í, ẹrù lè tì í. Nínú ọkọ̀ tó ti dàgbà, irin tó so ó mọ́ bọ́ọ̀sì kékeré ti máa ń jẹ, ó sì lè yọ fúnra rẹ̀ níbi tí ọ̀nà bá ti burú. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fà á sí H2 dáadáa, kí ẹ tún wò ó. Bí ọkọ̀ bá lọ, ẹ dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wo ìdí tó fi yọ.

Àyẹ̀wò kejì: ṣé ọ̀pá gígùn ń yí? Èyí ló ṣe pàtàkì jù, nítorí ó pín gbogbo ipa náà sí méjì. Kí awakọ̀ jókòó, kí ó fi ẹsẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ bíréèkì. Ọwọ́ kékeré wà ní H2, gíà wà ní ìkíní, ẹ́ńjìnnì ń dún wẹ́rẹ́. Kí ó rọra yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Kí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ní ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kí ó wo abẹ́ rẹ̀. Kó má wọ abẹ́ ọkọ̀, kó má sì jẹ́ kí agbádá tàbí ìró súnmọ́ ọ̀pá tó ń yí.

Bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ń yí tí ọkọ̀ kò sì lọ, ó dájú pé kílọ́ọ̀ṣì, gíábọ́ọ̀sì àti bọ́ọ̀sì kékeré ń ṣiṣẹ́ wọn. Ẹnu croisillon ẹ̀yìn, pont tàbí ọ̀pá táyà ni àìsàn wà. Ẹ lọ sí àyẹ̀wò kẹrin. Bí ọ̀pá kò bá yí rárá, àìsàn wà láàárín ẹ́ńjìnnì àti ọ̀pá. Ẹ lọ sí àyẹ̀wò kẹta. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀pá fúnra rẹ̀ ti já tó ń fì lábẹ́, ẹ ti rí i nìyẹn. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì.

Àyẹ̀wò kẹta: ṣé kílọ́ọ̀ṣì ni àbí gíábọ́ọ̀sì? Ẹ fi imú gbọ́ ọ ná. Kílọ́ọ̀ṣì tó jóná máa ń rùn kíkankíkan. Bí ó bá ń rùn, ẹ jẹ́ kí ó tutù fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sọ ẹrù kalẹ̀, kí ẹ tún gbìyànjú. Bí ó bá tún mú, ó ṣeé ṣe kí ó gbé yín délé jẹ́jẹ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ rẹ̀ ti pé.

Bí kò bá rùn, ẹ ṣe èyí: ẹ́ńjìnnì ń dún wẹ́rẹ́, ọkọ̀ dúró, gíà wà ní àárín, ẹsẹ̀ kò sí lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi ọwọ́ gíà kan gíà ẹ̀yìn díẹ̀, bí ẹni kan ilẹ̀kùn. Bí ó bá han "kẹ̀rẹ̀rẹ̀", ẹ yọ ọwọ́ kíá: kílọ́ọ̀ṣì ń yí gíábọ́ọ̀sì nìyẹn, àìsàn wà níwájú rẹ̀. Bí gíà bá wọlé wọ́ọ́rọ́ láìdún, kílọ́ọ̀ṣì kò yí nǹkan kan. Ààrin àwo rẹ̀ lè ti jẹ tán. Iṣẹ́ kílọ́ọ̀ṣì kì í ṣe iye kan náà pẹ̀lú iṣẹ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da méjèèjì pọ̀ mọ́ yín lọ́wọ́.

Ẹ tún dán gbogbo gíà wò. Bí ọkọ̀ bá ń lọ pẹ̀lú gíà kan tí kò lọ pẹ̀lú òmíràn, inú gíábọ́ọ̀sì tàbí irin tó ń darí rẹ̀ ni ẹ ó wò. Fún ọkọ̀ tó ń fúnra rẹ̀ pààrọ̀ gíà, ẹ yọ ọ̀pá ìwọ̀n ọ́ìlì rẹ̀ níbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú, bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí. Ọ́ìlì tó dára máa ń pupa. Bí ó bá ti dúdú tó ń rùn bí ohun tó jóná, tàbí tí kò dé ìlà, ẹ ti rí ìdí.

Àyẹ̀wò kẹrin: ọ̀pá táyà. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi gíà ìkíní sí i, ọwọ́ kékeré wà ní H2. Òkúta wà lára táyà iwájú méjèèjì, níwájú àti lẹ́yìn. Lórí ilẹ̀ tó le tó sì tẹ́jú, ẹ fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan kúrò nílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ yí i. Bí gbogbo nǹkan bá pé, kò ní yí ju kékeré lọ, nítorí gíà dì í mú. Bí ó bá ń yí fàlàlà, ọ̀pá táyà kan ti kán, lápá ibí tàbí lápá ọ̀hún, tàbí kí eyín inú pont ti já. Mẹkáníìkì ló máa wo èyí tó jẹ́ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹ ti mọ̀ pé pont ni, kì í ṣe gíábọ́ọ̀sì.

4. Bí ẹ ṣe lè délé

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ọ̀nà ẹ̀yìn bá já, ọ̀nà iwájú ṣì wà. Ní ọkọ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn nìkan ló sábà ń fà, bíi Hilux 4x4, tó kọ́kọ́ jáde ní 1979, ẹ wo àárín táyà iwájú. Bí ẹ bá rí ọmọrí tí wọ́n kọ FREE àti LOCK sí, ẹ yí méjèèjì sí LOCK. Ẹ wá fi ọwọ́ kékeré sí H4. Táyà iwájú á fà yín. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé ọmọrí yìí, tí wọ́n á ní 4x4 náà ti bàjẹ́.

Ní ọkọ̀ tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ń fà nígbà gbogbo, bíi Defender, Discovery àtijọ́ tàbí Range Rover àtijọ́, ọ̀pá kan tó kán níbikíbi lè dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ẹ ti àárín rẹ̀ pa pẹ̀lú ọwọ́ kékeré, gẹ́gẹ́ bí ìwé ọkọ̀ náà ṣe wí, agbára á sì lọ sí ẹ̀gbẹ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó gbéra, ẹ wo àárín táyà ẹ̀yìn. Bí ẹ bá rí irin róbótó tó yọ síta tí bóòtù yí i ká, bíi ti Land Rover, ọ̀pá táyà kò gbé ìwúwo ọkọ̀. Agbára nìkan ló ń gbé. Bí ó bá kán, táyà kò ní bọ́. Bí kò bá sí irin bẹ́ẹ̀, bíi ti ọ̀pọ̀ Hilux, ọ̀pá náà ló di táyà mú. Bí ó bá kán, táyà lè yọ kúrò lára ọkọ̀ pẹ̀lú ẹrù àti èèyàn lórí rẹ̀. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rìn. Ẹ wá ọkọ̀ mìíràn kó òwú, kí ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì wá bá a níbẹ̀.

Bí ó bá jẹ́ èyí tó lè rìn, ẹ sọ ẹrù àti èèyàn kalẹ̀, kí ẹ rìn jẹ́jẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ irin tó ń lọ irin, ẹ dúró. Ẹ̀rúnrún irin lè há sáàárín eyín pont, kí táyà sì dúró gbọn-in lójijì.

5. Ohun tí ẹ ó sọ fún mẹkáníìkì

Ẹ má kàn ní, "Ọkọ̀ kò lọ." Ẹ sọ ohun tí ẹ rí: ibi tí ọwọ́ kékeré wà, bóyá ọ̀pá gígùn ń yí, bóyá ó rùn, bóyá gíà ẹ̀yìn dún, bóyá táyà ń yí fàlàlà. Mẹkáníìkì tó mọ iṣẹ́ á dúpẹ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tó fẹ́ tà gíábọ́ọ̀sì fún yín á mọ̀ pé ẹ lójú.

Ẹ gba irin tó kán, kí ẹ wo ojú rẹ̀. Bí apá kan bá ti dúdú tàbí tó dípẹtà tí apá kejì ń dán, ó ti ń sán díẹ̀díẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó tó kán. Ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò náà.

6. Àmì tó ti ń kìlọ̀, àti ìtọ́jú

Àìsàn yìí jọ pé ó dé lójijì, ṣùgbọ́n ó sábà máa ń kìlọ̀. "Kọ̀" tí ẹ ń gbọ́ nígbà tí ẹ bá ń yọ ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì ń sọ pé ààyè ti wà láàárín irin. Eruku pupa bí ìpẹtà ní ẹnu croisillon ń sọ pé gíríìsì ti tán níbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tó ń dún sókè lórí òkè láìjẹ́ pé ọkọ̀ ń yára sí i ń sọ pé kílọ́ọ̀ṣì ti ń yọ̀. Ọ́ìlì tó ń kán lábẹ́ pont ń sọ pé inú rẹ̀ ti ń gbẹ.

Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tó ń gba èbúté Kutonu wọlé ti lo ọ̀pọ̀ ọdún ní òkè òkun kó tó dé ọwọ́ yín. Ẹ ṣe bí ẹni tí kò mọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀ kẹ́yìn: ẹ pààrọ̀ ti gíábọ́ọ̀sì, ti bọ́ọ̀sì kékeré àti ti pont méjèèjì, kí ẹ lo irú èyí tí ìwé ọkọ̀ náà sọ. Ẹ fún croisillon ní gíríìsì, pàápàá lẹ́yìn tí ẹ bá la odò tàbí ẹrẹ̀ jíjìn kọjá. Ọ́ìlì tó bá funfun bí wàrà, omi ti wọ inú rẹ̀, ẹ dà á nù.

Ohun tó ń kán ọ̀pá táyà jù ni ìwà wa nínú ẹrẹ̀. Bí ọkọ̀ bá rì, ẹ má tẹ ẹ́ńjìnnì rẹpẹtẹ kí ẹ sì yọ ẹsẹ̀ lójijì. Táyà tó ń sáré yí nínú ẹrẹ̀, tó wá gbá òkúta tàbí ilẹ̀ líle mú lẹ́ẹ̀kan náà, ni ọ̀pá rẹ̀ ń kán. Ẹ lo L4, kí ẹ lọ wẹ́rẹ́, kí ẹ gé igi tàbí imọ̀ ọ̀pẹ sábẹ́ táyà. Bí ẹ bá sì dé ojú ọ̀dà gbígbẹ, bíi ti Ṣàkẹ́tẹ́ sí Àjàṣẹ́, ẹ dá a padà sí H2. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, H4 máa ń lọ́ ọ̀pá iwájú àti ti ẹ̀yìn mọ́ra wọn, bí ẹni ń fún aṣọ, títí ọ̀kan fi máa jẹ. Òwú fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ àti èso ọ̀pẹ wúwo. Ẹ má di ẹrù ju agbára ọkọ̀ lọ.

Ẹ rántí

Ẹ dí táyà kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Ẹ wo ọwọ́ kékeré. Ẹ wo bóyá ọ̀pá gígùn ń yí. Bí kò bá yí, ẹ wo kílọ́ọ̀ṣì kí ẹ tó fẹ̀sùn kan gíábọ́ọ̀sì. Bí ó bá ń yí, ẹ wo pont àti ọ̀pá táyà. Ẹ wo àárín táyà kí ẹ tó pinnu láti rìn délé.

Ẹ gé ojú ìwé yìí, kí ẹ fi sínú ọkọ̀ níbi tí awakọ̀ yóò ti rí i. Kí ẹgbẹ́ yín jọ ṣe àyẹ̀wò kejì lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ọkọ̀ ṣì dá ṣáṣá, kí ojú yín mọ bí ọ̀pá tó ń yí ṣe rí. Ọjọ́ tí òjò bá ń ṣú lórí òwú kọ́ ni ó yẹ ká ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.